Tony Adams: Ohun Tí Iṣẹ́ Rẹ̀ Kọ́ni Nípa Agbábọ́ọ̀lù Ẹ̀yìn

Orúkọ àwọn atamátàsé ló sábà máa ń gbilẹ̀ nínú ìtàn bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò bá dúró ṣinṣin kì í pẹ́ pàdánù èrè gbogbo góòlù tí àwọn tó wà níwájú bá gbá wọlé. Ọ̀kan lára àwọn tí iṣẹ́ wọn fi èyí hàn kedere jù lọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Tony Adams, tí wọ́n bí ní Romford, ní ìlà-oòrùn London, ní ọdún 1966, tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá bọ́ọ̀lù fún Arsenal ní oṣù Kọkànlá ọdún 1983, tí kò sì gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ mìíràn títí tó fi fẹ̀yìn tì ní ọdún 2002, lẹ́yìn ìdíje 669.

George Graham, ọmọ ilẹ̀ Scotland tó di akọ́nimọ̀ọ́gbá Arsenal ní ọdún 1986, ló fi Adams ṣe balógun ẹgbẹ́ náà ní ọjọ́ kìíní ọdún 1988, nígbà tí kò tíì ju ọmọ ọdún 21 lọ. Ní ẹ̀yìn ẹgbẹ́ náà, Lee Dixon wà ní apá ọ̀tún, Nigel Winterburn wà ní apá òsì, Steve Bould sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Adams láàárín, ohun èlò tí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì gbójú lé jù ni òfin ọ́fúsáìdì. Òfin yìí kò gba agbábọ́ọ̀lù láàyè láti kópa nínú eré bí ó bá jẹ́ pé, lásìkò tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù, ó ti sún mọ́ ìlà ilé àwọn alátakò ju bọ́ọ̀lù lọ, tó sì tún ti kọjá ẹni kejì láti ẹ̀yìn nínú wọn, níwọ̀n bí ẹni àkọ́kọ́ ti sábà máa ń jẹ́ amúlé. Nítorí náà, bí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá jọ sún síwájú lẹ́ẹ̀kan náà, kété kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lẹ́sẹ̀ alátakò, atamátàsé tó wà lẹ́yìn wọn ti bọ́ sínú pańpẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan ṣoṣo bá pẹ́ sún, ọ̀nà ti là fún atamátàsé náà nìyẹn, ìdí sì nìyí tí ohùn balógun fi ṣe pàtàkì ju agbára ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ.

Ètò yìí so èso kíákíá, nítorí pé Arsenal gba líìgì ní ọdún 1989 nípa fífi góòlù méjì sí òdo borí Liverpool ní Anfield nínú ìdíje tó kẹ́yìn sáà náà. Ní ọdún 1990, wọ́n yí òfin ọ́fúsáìdì padà, débi pé ẹni tó bá dúró ní ìlà kan náà pẹ̀lú agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn kì í ṣe ẹlẹ́ṣẹ̀ mọ́, èyí tó mú kí pańpẹ́ náà túbọ̀ ṣòroó dẹ. Síbẹ̀, nínú ìdíje líìgì 38 ní sáà 1990 sí 1991, góòlù 18 péré ló wọ ilé Arsenal, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n pàdánù, wọ́n sì tún gba ife náà.

Àárín sáà yẹn gan-an ni ilé ẹjọ́ rán Adams lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́rin nítorí pé ó wakọ̀ lẹ́yìn tó ti mu ọtí yó, ó sì lo nǹkan bí ìdajì rẹ̀. Ọtí mímu pọ̀ láàárín àwọn agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, ṣùgbọ́n ti Adams ti di àìsàn, èyí ni pé ara àti ọkàn rẹ̀ ti gbára lé ọtí débi pé ìpinnu lásán kò lè dá a dúró. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1996, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tó ṣe balógun ikọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú ìdíje ife ilẹ̀ Yúróòpù, ó jẹ́wọ́ àìsàn náà ní gbangba, ó sì jáwọ́ nínú ọtí.

Arsène Wenger dé sí Arsenal gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá ní ìgbà ìwọ́wé ọdún kan náà, ó tún oúnjẹ àti ìdárayá àwọn agbábọ́ọ̀lù ṣe, ó sì fún àwọn tó wà lẹ́yìn láyè láti fi bọ́ọ̀lù ṣe ohun tó ju kí wọ́n kàn gbá a jìnnà lọ. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1998, nígbà tí Arsenal na Everton ní góòlù mẹ́rin sí òdo láti gba líìgì, Bould ló gbé bọ́ọ̀lù ìkẹyìn fún Adams, tó sì fi ẹsẹ̀ òsì gbá a wọlé. Ẹgbẹ́ náà gba líìgì àti ife FA papọ̀ ní ọdún yẹn àti ní ọdún 2002, tó fi jẹ́ pé Adams ṣe balógun ẹgbẹ́ tó gba líìgì ní ẹ̀wádún mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, yàtọ̀ sí ìdíje 66 tó gbá fún orílẹ̀-èdè rẹ̀.

Iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá tó ṣe lẹ́yìn náà kò fún un ní irú ògo bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ilé ìtọ́jú Sporting Chance, tó dá sílẹ̀ ní ọdún 2000 fún àwọn eléré ìdárayá tí ọtí, oògùn olóró tàbí tẹ́tẹ́ ti sọ di ẹrú, ṣì ń gba ẹ̀mí là. Ẹ̀kọ́ tó yẹ kí àwọn ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù rí fà yọ ni pé ife tí agbábọ́ọ̀lù ń gbà kì í ṣe ẹ̀rí pé ara rẹ̀ dá, nítorí pé Adams ti gba líìgì méjì kó tó rí ìrànlọ́wọ́, ó sì gba méjì mìíràn lẹ́yìn tó rí i.