Sítáǹpù Jẹ́ Àrokò Ìjọba

Kí òyìnbó tó mú ìwé kíkọ dé ni Yorùbá ti mọ bí a ti ń ránṣẹ́ sí ẹni tí ó wà lókèèrè. Owó ẹyọ mẹ́fà tí a sín pọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ́: ẹ̀fà, ọkàn ẹni tí ó rán an ń fà sí ẹni tí a rán an sí. Bí èsì bá padà pẹ̀lú owó ẹyọ mẹ́jọ, ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ti jọ nìyẹn. Ẹni tí ó mọ àrokò tú kì í wo ohun tí a rán nìkan. Yóò wo ẹni tí ó rán an, yóò wo iye rẹ̀, yóò sì wo bí a ti tò ó. Irú ojú bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn fi wo sítáǹpù ara lẹ́tà, pàápàá èyí tí ìjọba tẹ̀ láti fi ṣe ìrántí. Àrokò ìjọba ni.

Orí Victoria, ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì, ni ó wà lára àwọn sítáǹpù tí Èkó kọ́kọ́ ní ní oṣù Kẹfà ọdún 1874. Sítáǹpù ìrántí àkọ́kọ́ tí ó sì jáde lórúkọ Nàìjíríà, ní 1935 ni, nígbà tí ọba George Karùn-ún pé ọdún 25 lórí oyè. Ààfin Windsor ni a yà sára rẹ̀. Ọmọ Olúpọ̀nnà tí ó ní ọba tirẹ̀ nílé, tí ó sì mọ ààfin Olúwòó ní Ìwó nítòsí rẹ̀, ààfin tí kò fojú rí rí ni ó ń fi itọ́ lẹ̀ mọ́ lẹ́tà.

Ti 1946 tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ogun Àgbáyé Kejì ti parí, ìjọba sì tẹ sítáǹpù ìṣẹ́gun. Ta ni ó ṣẹ́gun? Bí a bá bi sítáǹpù náà, yóò ní ọba George Kẹfà àti ilé aṣòfin tí ó wà létí odò Thames ni. Àwòrán kan náà ni wọ́n fi ránṣẹ́ kárí àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n wọ igbó Bọ́mà lọ bá àwọn ará Japan jà, tí àwọn mìíràn kò sì padà wálé mọ́, kò sí wọn níbẹ̀.

Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1960 ni ohùn àrokò náà yí padà. Mẹ́rin ni sítáǹpù òmìnira: ilé aṣòfin wà lára ti kọ́bọ̀ kan, awakọ̀ ojú omi wà lára ti tọ́rọ́, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ wà lára ti sísì, àdàbà àti ìtùfù sì wà lára ti sílè kan àti tọ́rọ́. Àmọ́ èyí tí ó dùn tú jù ni ti 1964, tí ó rántí ọdún kìíní tí ààrẹ rọ́pò ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì. Azikiwe wà lára ọ̀kan. Herbert Macaulay, ọmọ ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, ẹni tí ó dá ẹgbẹ́ òṣèlú NNDP sílẹ̀ ní 1923, wà lára èkejì. Jaja, ọba Opobo, wà lára ẹ̀kẹta. Jaja yìí ni àwọn aṣojú Victoria mú ní 1887, tí wọ́n gbé lọ sí ìgbèkùn ní West Indies, tí ó sì kú lójú ọ̀nà àbọ̀ ní 1891. Níbi tí orí Victoria wà ní 1874, orí Jaja bọ́ síbẹ̀ ní 90 ọdún lẹ́yìn náà. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ó jọ pé ẹni tí ó yan àwòrán yìí gbọ́ òwe náà dáadáa.

Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ti 1972 fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìkéde lásán, pé láti ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọkọ̀ yóò fi ọwọ́ òsì sílẹ̀, yóò máa gba ọwọ́ ọ̀tún. Síbẹ̀, owó sílè ni a fi ń rà wọ́n, nítorí náírà kò dé títí di oṣù Kìíní ọdún 1973.

Ti 1987 kò rántí ogun, kò rántí ọba. Irun obìnrin ni. Irun mẹ́rin ni, láti ẹ̀yà oríṣiríṣi, Àgògo Yorùbá sì wà lára wọn. Irun tí a gbé sókè láàrin orí bí ogbe àkùkọ ni Àgògo. Láyé àtijọ́, ẹni tí ó bá rí i lórí obìnrin kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè ìdí rẹ̀: ìyàwó tuntun ni, tàbí olórìṣà. Irun náà fúnra rẹ̀ ti jẹ́ àrokò kí ìjọba tó yà á, ìyá onídìrí tí kò mọ Windsor sì lè tú u láìsí ògbufọ̀.

Nínú gbogbo àwọn tí a dárúkọ yìí, kò sí Olúpọ̀nnà, kò sí Ìwó. Ibi tí ìlú kékeré ti ń rí àyè wọlé ni òǹtẹ̀ dúdú tí òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ ń lù lé sítáǹpù lórí, tí ó ń sọ ibi tí lẹ́tà ti gbéra àti ọjọ́ rẹ̀. Ìyókù wà nínú àdírẹ́sì. Lẹ́tà 1965 yóò bá Olúpọ̀nnà ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, ti 1980 yóò bá a ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ti 1995 yóò bá a ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tí a dá sílẹ̀ ní 1991. Ìlú náà kò sì kúrò lójú kan.

Ìdí nìyí tí ẹni tí ó ń ṣí sítáǹpù kúrò, tí ó sì ń da àpò lẹ́tà nù, fi ń sọ ìdajì àrokò nù. Fóònù ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ lẹ́tà; ohun tí ó wà nínú àpótí àwọn àgbà kò tún ní pọ̀ sí i mọ́. Èyí tí ikán kò bá jẹ, àwọn tí ń palẹ̀ iyàrá olóògbé mọ́ a máa dáná sun ún. Kí àwọn olùkọ́ agbègbè Ìwó rán ọmọ ilé ìwé sí bàbá àgbà àti ìyá àgbà wọn báyìí. Kí wọ́n fi àpò, sítáǹpù, òǹtẹ̀ àti àdírẹ́sì sílẹ̀ bí wọ́n ti bá a, kí wọ́n gbé e síbi tí omi kò lè dé, kí wọ́n sì kọ orúkọ ẹni tí ó ni lẹ́tà sínú ìwé ọ̀tọ̀, kì í ṣe sára lẹ́tà.