Ìpèsè Ojú-Ẹsẹ̀: Bí Kubernetes Ṣe Ń Pín Ibi Ìpamọ́ fún Kọ̀ǹténà

1. Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí onírèsé bá kọ̀ tí kò fín igbá mọ́, èyí tí ó ti fín sílẹ̀ kò lè parun. Ìbéèrè tí a fẹ́ dáhùn nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí kò ju ẹyọ kan lọ: bí òṣìṣẹ́ inú kọ̀ǹpútà bá kú lójijì, ta ni yóò tọ́jú igbá tí ó ti fín?

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ ṣàlàyé kọ̀ǹténà. Kì í ṣe àpótí onírin tí ọkọ̀ òkun ń kó wá sí Àpápá ni a ní lọ́kàn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ara rẹ̀ ni wọ́n ti yá orúkọ náà. Kọ̀ǹténà tí à ń wí ni ètò kọ̀ǹpútà kan pẹ̀lú gbogbo ohun tí ó nílò láti ṣiṣẹ́, tí a dì pọ̀ sójú kan. Bí irú wọn bá pọ̀, ó di dandan kí nǹkan kan máa darí wọn. Èyí tí ó gbajúmọ̀ jù nínú àwọn adarí náà ni Kubernetes, tí ilé-iṣẹ́ Google gbé jáde ní 2014. Èdè Gíríìkì ni orúkọ náà; atukọ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀.

Kọ̀ǹténà kì í pẹ́ láyé. Atukọ̀ lè pa á níhìn-ín, kí ó sì dá òmíràn sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ mìíràn. Ohunkóhun tí a bá kọ sínú kọ̀ǹténà fúnra rẹ̀ yóò sì bá a lọ. Bí ó bá jẹ́ àkọsílẹ̀ owó oníbàárà ni, àdánù ńlá ni. Nítorí náà, ìta kọ̀ǹténà ni ibi ìpamọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà.

2. Ìpèsè Àṣetẹ́lẹ̀

Ní ìbẹ̀rẹ̀, alábòójútó ni ó máa ń pèsè ibi ìpamọ́ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó béèrè. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ó pèsè díìsìkì mẹ́ta, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 100 gígábáìtì. Ẹni tí ó nílò 10 péré yóò gba odidi 100, nítorí pé ìbéèrè kan ṣoṣo ni a ń so mọ́ ibi ìpamọ́ kan. 90 tí ó ṣẹ́ kù kò ní wúlò fún ẹlòmíràn, ẹni kẹrin tí ó bá sì dé yóò jókòó máa retí. Báyìí ni ìfiṣòfò àti àìtó ṣe ń gbé inú ilé kan náà.

3. Ìpèsè Ojú-Ẹsẹ̀

Ọ̀nà àbáyọ yọjú ní 2016 gẹ́gẹ́ bí ohun ìdánwò. Ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní oṣù kẹta 2017, nígbà tí ẹ̀dà 1.6 jáde. Ohun mẹ́ta ni ó so ró.

Èkíní ni ìsọ̀rí ìpamọ́, tí wọ́n ń pè ní StorageClass. Alábòójútó ni ó ń kọ ọ́: irú díìsìkì tí a fẹ́, olùpèsè tí yóò ṣe é, àti ohun tí a ó fi díìsìkì ṣe nígbẹ̀yìn. Èkejì ni ìwé ìbéèrè, èyí tí oníṣẹ́ kọ pé òun fẹ́ gígábáìtì 10 láti inú ìsọ̀rí báyìí báyìí. Ẹ̀kẹta ni olùpèsè, ètò kan tí ń ṣọ́ ìwé ìbéèrè. Bí ó bá ti rí ọ̀kan, yóò ránṣẹ́ sí ẹni tí ó ni díìsìkì, bí àpẹẹrẹ Amazon tàbí Google. Wọn yóò dá díìsìkì oní-10 sílẹ̀, a ó sì so ó mọ́ ìbéèrè náà. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ti ìṣáájú dà bí ìyàtọ̀ láàárín aṣọ tí a rán sọ́jà àti èyí tí télọ̀ wọn ènìyàn kí ó tó rán.

4. Ibi tí Ewu Wà

Ewu kìíní jẹ mọ́ ibùdó. Díìsìkì tí a dá sí agbègbè kan kì í sábà ṣeé so mọ́ ẹ̀rọ tí ó wà ní agbègbè mìíràn. Bí olùpèsè bá kánjú dá díìsìkì kí atukọ̀ tó yan ẹ̀rọ, iṣẹ́ lè má rí ibi dúró sí. Ìdí nìyí tí a fi lè pàṣẹ nínú ìsọ̀rí pé kí olùpèsè dúró títí a ó fi mọ ibi tí iṣẹ́ yóò wà.

Ewu kejì ni ó wúwo jù. Bí alábòójútó kò bá sọ nǹkan kan, òfin tí ìsọ̀rí ń tẹ̀ lé ni ìparẹ́: bí a bá ti pa ìwé ìbéèrè rẹ́, tí kò sì sí iṣẹ́ tí ó ń lò ó mọ́, díìsìkì àti gbogbo ohun inú rẹ̀ yóò lọ. Òfin kejì ni ìdádúró, tí ó ń fi díìsìkì sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ènìyàn ni yóò wá palẹ̀ rẹ̀ mọ́, owó rẹ̀ yóò sì máa gorí ara wọn títí di ìgbà náà.

5. Àgbálọgbábọ̀

Ohun tí a rí dì mú ni pé ìpèsè ojú-ẹsẹ̀ kò mú ìpinnu kúrò lọ́wọ́ ènìyàn. Ó kàn gbé e síwájú ni. Alábòójútó àtijọ́ ń pinnu lórí díìsìkì kọ̀ọ̀kan. Ti òde òní ń pinnu lẹ́ẹ̀kan, nínú ìlà kan, fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún díìsìkì tí kò tí ì sí. Bí ó bá gbàgbé ìlà náà, a ti bá a pinnu. Ẹ̀rọ ni yóò tọ́jú igbá onírèsé, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé igbá náà kò gbọdọ̀ fọ́.