Ká Tó Ti Ọjà Dé, Ọmọ Ti Sùn: Ẹ Jẹ́ Ká Tún Oúnjẹ Alẹ́ Wa Tò

Ọ̀rọ̀ ìṣèlú kọ́ la gbé wá lọ́sẹ̀ yìí, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ẹgbẹ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣì jẹ. Ọ̀rọ̀ ìkòkò ọbẹ̀ ni. Ẹni tó bá sì rò pé ọ̀rọ̀ ìkòkò kéré, kó lọ wo ilé rẹ̀ ní aago mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ iṣẹ́.

Gbogbo wa la mọ bó ṣe ń rí. Àwa obìnrin tí a ń tajà ní Sábọ̀n-Gàrí, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ la ń palẹ̀ mọ́. Kí a tó ka owó, kí a tó ti ṣọ́ọ̀bù, kí a tó rí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní A Daidaita Sahu níbí, aago méje ti kọjá. Bí a bá wá délé tí a ní àmàlà la fẹ́ rò, tí ọbẹ̀ kò sì sí nílẹ̀, aago mẹ́sàn-án ni oúnjẹ yóò tó dé iwájú ẹnikẹ́ni. Ta ló fẹ́ jẹ ẹ́? Àwọn ọmọ ti sùn. Èyí tí kò bá sì sùn ti se núdù inú ọ̀rá jẹ.

A kò ní fi bò, ó ṣẹlẹ̀ nílé tiwa. Ní ọdún 2014, ọmọ wa tó kéré jù, ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà náà, fẹ́ se núdù fúnra rẹ̀ kí a tó dé. Ó fẹ́ gbé ìkòkò kúrò lórí sítóòfù, ìkòkò bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, omi gbígbóná sì bó o láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kò fi lọ sílé-ìwé. Àpá náà wà níbẹ̀ títí dòní. Iye tí a pa lọ́jà lọ́jọ́ náà, a kò rántí mọ́, ṣùgbọ́n igbe ọmọ náà kò kúrò létí wa.

Àkọ́bí wa obìnrin ń gbé ní Houston, ní Amẹ́ríkà. Òun náà ń ti ibi iṣẹ́ dé lálẹ́, ó lọ́kọ, ó bímọ. Nígbà tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àbúrò rẹ̀, ó pè wá lórí fóònù, ó ní, "Màámi, ẹ má dáná lálẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ mọ́. Ọjọ́ ìsinmi ni kí ẹ ti dáná ọ̀sẹ̀ sílẹ̀." Ó wá ṣàlàyé oúnjẹ kan tí wọ́n kọ́ lọ́dọ̀ àwọn ará Mẹ́síkò, tí wọ́n ń pè ní bùrítò. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kékeré ni orúkọ náà túmọ̀ sí lédè wọn. Ẹ̀wà, ẹran àti ata, nígbà mìíràn pẹ̀lú ìrẹsì, ni wọ́n ń fi búrẹ́dì pẹlẹbẹ wé, bí a ṣe ń fi ewé wé ẹ̀kọ, àmọ́ ewé ti èyí ṣeé jẹ.

Àríwá Mẹ́síkò ni oúnjẹ yìí ti wá, níbi tí wọ́n ti ń gbin àlìkámà. Ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀ wọn, àgbàdo ló pọ̀ jù lọ́wọ́ wọn. Ẹ ò rí i pé ó jọ tiwa? Nílé, àgbàdo la fi ń ṣe ẹ̀kọ. Níhìn-ín ní Kánò, àlìkámà ni wọ́n fi ń ṣe gúrásà. Ẹ̀wà àti búrẹ́dì kò sì jẹ́ àjèjì sí ẹnu Yorùbá, kí ẹni tó ti jẹ ẹ̀wà àgànyìn rí jẹ́rìí sí i.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí, fún méjìlá. Ẹ sa ẹ̀wà olóyin agolo mílíìkì mẹ́rin, kí ẹ rẹ ẹ́ sómi, kí ẹ dà á nù, kí ẹ sì fi omi tuntun sè é títí yóò fi rọ̀ dáadáa. Ẹ̀yìn tó bá rọ̀ ni kí ẹ tó fi iyọ̀ sí i. Ẹ din àlùbọ́sà nínú òróró tàbí epo pupa, ẹ da ata rodo àti tàtàṣé lílọ̀ sí i, kí omi rẹ̀ gbẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ da ẹ̀wà sí i, kí ẹ fi ṣíbí onígi tẹ ìdajì rẹ̀ fọ́. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣìṣe nìyí: ẹ̀wà náà gbọ́dọ̀ ki. Bó bá ṣomi, búrẹ́dì yóò ya, aṣọ ọmọ ni yóò jẹ oúnjẹ.

Ẹran màlúù ìdajì kílò tó. Ẹ bọ̀ ọ́, kí ẹ gé e wẹ́wẹ́, kí ẹ sì din ín pẹ̀lú àlùbọ́sà. Bí owó ẹran kò bá sí, ẹ ra àwàrà tí àwọn obìnrin Hausa ń fi sóyà ṣe. Kò wọ́n tó ẹran, ó sì ń múni lára le. Ẹyin díndín náà dára.

Fún búrẹ́dì pẹlẹbẹ, ẹ wá fúláwà ìdajì kílò, iyọ̀ ṣíbí kékeré kan àti òróró ṣíbí ìjẹun mẹ́rin. Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ bí ife kan pò ó, díẹ̀díẹ̀, títí kò fi ní lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́ mọ́. Ẹ bò ó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, torí bí kò bá sinmi, yóò máa súnkì bí ẹ bá ń tẹ́ ẹ. Ẹ pín in sí méjìlá, ẹ fi ìgò tẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan kó fẹ́lẹ́, kí ẹ sì yan án nínú páànù gbígbóná láìsí òróró, bí ìṣẹ́jú kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ máa fi aṣọ mímọ́ wé wọn bí wọ́n ṣe ń jinná, kí wọ́n má baà gan.

Ẹni tí kò ráyè pò fúláwà, kó ra gúrásà bó ṣe ń bọ̀ láti ọjà. Kó wọ́n omi sí i díẹ̀, kó gbé e kaná kó rọ̀, kó la ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí àpò, kó sì ki ẹ̀wà àti ẹran sínú rẹ̀. Kì í ṣe bùrítò gan-an, ṣùgbọ́n ikùn ọmọ kò ní béèrè.

Lálẹ́ ọjọ́ iṣẹ́, ẹ kàn máa mú ẹ̀wà gbóná ni. Ẹ bù ú sí àárín búrẹ́dì, ẹ fi ẹran àti kábéèjì rírẹ́ lé e, ẹ ṣẹ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wọlé, kí ẹ sì ká a. Ẹ dojú ibi tí ẹ ti ká a kọ páànù fún ìṣẹ́jú méjì kó lè dì. Ọmọdé yó lórí ẹyọ kan, àgbà lórí méjì. Èyí tó bá kù di oúnjẹ ilé-ìwé lọ́jọ́ kejì.

Ìkìlọ̀ kan wà o. Ẹ̀wà tètè ń kan, pàápàá nígbà ooru oṣù kẹta àti ìkẹrin. Ẹni tó ní firíìjì tó ń tutù dáadáa lè tọ́jú rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹni tí iná kì í wà ládùúgbò rẹ̀, ìdájí ọjọ́ náà gan-an ni kó sè é, kó gbé e kaná kó hó kó tó jáde, kó sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ bó bá dé. Èyí tó bá kù mọ́jú, kó má ṣe gbà á lọ́wọ́ ajá.

Baálé wa kò kọ́kọ́ gbà. Wọ́n ní oúnjẹ alẹ́ tí kò ní òkèlè, ìpápánu ni. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, aago méje kọjá ìṣẹ́jú ogún ni gbogbo wa jókòó. Wọ́n jẹ méjì, wọn kò sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn bí bàbá wọn ṣe wọ ọkọ̀ ojú irin wá sí Kánò. Àwọn ọmọ kò gbọ́ ọ rí. Ìgbà wo ni wọn ì bá gbọ́ ọ, nígbà tí oorun máa ń gbé wọn lọ kí a tó jẹun?

Ohun tó gbé wa dé orí ọ̀rọ̀ yìí gan-an nìyẹn. Hausa ni àwọn ọmọ wa ń sọ ní títì, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ ní kíláàsì. Bí kò bá sí ìdí oúnjẹ alẹ́, ibo ni wọn yóò ti gbọ́ Yorùbá? Ẹ wo Àyàgí nínú ìlú àtijọ́. Yorùbá ti ń gbé ibẹ̀ kí òyìnbó tó gba Kánò ní ọdún 1903, ṣùgbọ́n Hausa ni ọ̀pọ̀ àrọ́mọdọ́mọ wọn ń sọ nílé lónìí. A kò bú wọn. Ohun tí ẹnu kì í sọ lójoojúmọ́ ló ń gbàgbé.

Láti 2023 tí owó epo bẹntiróòlù ti fò sókè, gbogbo oúnjẹ ló gbówó lórí, gáàsì náà kò gbẹ́yìn. Ìkòkò ẹ̀wà kan tí a sè lẹ́ẹ̀kan fún ọjọ́ méjì ń dín iná kù, ó sì ń jẹ́ kí ìyá fara balẹ̀. Iyán àti àmàlà kò sá lọ, ọjọ́ ìsinmi jẹ́ tiwọn. Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ iṣẹ́, ẹ jẹ́ ká jẹun nígbà tí ojú àwọn ọmọ ṣì là.

Ọlọ́run yóò bù sí oúnjẹ wa, kò ní jẹ́ kí ajò sọ ọmọ wa di àjèjì sí wa. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.