Bí A Ti Ń Wọn Agbára Oògùn Ẹ̀tẹ̀

Àwọn àgbà ìlú Ògbómọ̀ṣọ́ kò ní ṣàì rántí ibùdó tí ìjọ Onítẹ̀bọmi, tí ó ti ní ilé ìwòsàn níbẹ̀ láti ọdún 1907, dá sílẹ̀ fún àwọn tí ẹ̀tẹ̀ ń bá jà. Kí oògùn tòde òní tó dé, òróró èso igi kan láti ilẹ̀ Íńdíà ni a ń fi abẹ́rẹ́ gún sí irú wọn lára. Ó ń dun ni púpọ̀, àǹfààní rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ní ọdún 1950 ni Dókítà John Lowe, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Uzuakoli ní ìhà Ìlà-Oòrùn, kéde pé dapsone, oògùn gbígbémì, ń ṣiṣẹ́ dáradára lórí àrùn náà.

Kòkòrò ẹ̀tẹ̀, tí ojú lásán kò lè rí, kò lè gbèrú láìsí èròjà fólíkì. Àwa ènìyàn ń rí tiwa nínú ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà. Kòkòrò náà ní láti ṣe tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Ohun tí ó fi ń ṣe é ni àwọn onímọ̀ ń pè ní ẹ́ńsáìmù. Ẹ jẹ́ kí a fi í wé ọlọ, kí a sì fi èròjà kan tí ń jẹ́ PABA wé ẹ̀wà tí a ń dà sórí rẹ̀. Dapsone dà bí òkúta wẹ́wẹ́ tí ó jọ ẹ̀wà: ó gba ààyè ẹ̀wà lórí ọlọ, kì í sì í di oúnjẹ. Àwọn ìyá alákàrà yóò tètè mọ ohun tí à ń wí.

Báwo ni a ti ń wọn ìdènà yìí? Kòkòrò ẹ̀tẹ̀ kì í hù nínú ìgò. Nítorí náà, àwọn onímọ̀ mú àbùdá ẹ́ńsáìmù rẹ̀, wọ́n fi sínú kòkòrò mìíràn tí ó rọrùn láti sìn, wọ́n sì kórè ẹ́ńsáìmù náà lára rẹ̀. Wọ́n bù ú sínú ọ̀pọ̀ ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ ní ìwọ̀n kan náà, pẹ̀lú PABA tí ó dọ́gba. Ìgò kìíní kò ní oògùn rárá. Nínú àwọn yòókù, oògùn ń pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn àkókò kan, wọn a wọn ohun tí ìgò kọ̀ọ̀kan ṣe jáde. Ìwọ̀n oògùn tí ó dín iṣẹ́ náà kù sí ìdajì ni a fi ń mọ agbára rẹ̀: bí ó bá ti kéré tó, bẹ́ẹ̀ ni oògùn náà lágbára tó. Bí a bá sì fi PABA kún un, tí iṣẹ́ tún gbéra, a mọ̀ pé ààyè kan náà ni àwọn méjèèjì ń dù. Irú èyí ni D. D. Woods rí ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1940 lórí àwọn oògùn sọ́fà, tí iṣẹ́ wọn jọ ti dapsone.

Ìwọ̀n yìí kì í ṣe eré ọmọdé. Ní ọdún 1964 ni a fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní ilẹ̀ Màléṣíà pé àwọn kòkòrò ẹ̀tẹ̀ kan kò ka dapsone sí mọ́. Nígbà tí a wọn irú ẹ́ńsáìmù bẹ́ẹ̀, ó gba oògùn púpọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ kí iṣẹ́ rẹ̀ tó dín kù, nítorí pé ìrísí ibi tí oògùn ń jókòó sí ti yí padà díẹ̀. Láti ọdún 1981 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí a má ṣe lo dapsone nìkan mọ́. Rifampicin àti clofazimine ni a ń lò pẹ̀lú rẹ̀ nísinsìnyí, fún oṣù 6 tàbí oṣù 12, gẹ́gẹ́ bí àrùn náà bá ti pọ̀ tó. Ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹni tí ó bá rí àbàwọ́n lára tí ó ṣì, tí kò sì mọ ìfọwọ́kàn lójú ibẹ̀, ìbáà ṣe ní Ọ̀yọ́ tàbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí ó lọ fi han àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìlera ìjọba tí ó wà nítòsí rẹ̀.