Bí Ìkíni Ṣe Ń Kọ́ Ọmọ Láti Mọ Inú Ẹlòmíràn

Ìkíni ni ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí ọmọ Yorùbá ń gbà nípa bí nǹkan ṣe ń rí lára ẹlòmíràn. Ní Iffe àti àwọn ìlú Ìjùmú yòókù ní ìpínlẹ̀ Kogi, "Òkun" ni wọ́n fi ń kí ara wọn, òun náà ni wọ́n sì fi ń pe Ìjùmú, Owé, Ìyàgbà, Bùnú àti Òwòrò pọ̀. Bí ọmọ bá kọjá lára àgbà láìkí i, wọn yóò pè é padà.

Ṣùgbọ́n kíkí kan kò bá gbogbo ènìyàn mu. Ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ni à ń kí ní "ẹ kú iṣẹ́". "Ẹ kú ewu ọmọ" ni ti ìyá ìkókó, "ẹ kú ará fẹ́ra kù" sì ni ti ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Ọmọ tí yóò mú èyí tó yẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo ojú onítọ̀hún. Àwọn àgbà kúkú ti sọ pé ojú lọ̀rọ̀ wà.

"Pẹ̀lẹ́" ló máa ń dàrú mọ́ ọmọ tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston lójú. Bí ẹnìkan bá fẹsẹ̀ kọ, gbogbo ẹni tó rí i ni yóò kí i pẹ̀lẹ́, bí wọn ò tilẹ̀ mọ ẹni tó gbé òkúta síbẹ̀. Tí ọmọ bá fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ níléèwé, ojúgbà rẹ̀ lè bi í pé ṣé òun ló tì í ni. Ó yẹ kí òbí ṣàlàyé fún un pé ẹni tó ń kíni pẹ̀lẹ́ kò jẹ̀bi nǹkan kan. Ó ń báni kẹ́dùn ni.

Níbi tí ilé Yorùbá ti kù díẹ̀ káàtó ni inú ọmọ fúnra rẹ̀. "Pa ẹnu mọ́" ni ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń sunkún ń gbọ́, pàápàá ọmọkùnrin. Nígbà tí àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, Peter Salovey àti John Mayer, kọ̀wé ní 1990 lórí ọgbọ́n mímọ bí nǹkan ṣe ń rí lára ènìyàn, mímọ inú ara ẹni wà lára ohun tí wọ́n kà sí i. Ọ̀rọ̀ tí a ó fi sọ ọ́ kò sì wọ́n wa: inú ń bí mi, ojú ń tì mí, àyà mi ń já, ọkàn mi ò balẹ̀. Kí òbí kọ́kọ́ sọ pé, "Inú ń bí ọ torí àbúrò rẹ gba bọ́ọ̀lù rẹ," kí ó tó bá a wí pé ó lu àbúrò. Àlọ́ Ìjàpá náà wúlò, bí òbí bá lè dúró díẹ̀ bi ọmọ pé kí ló ń ṣe Ìjàpá nínú nígbà tí àṣírí rẹ̀ tú.

Ní ti ìkíni, orí fóònù ló rọrùn jù láti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí. Bí ìyá àgbà bá pè láti Iffe, kí òbí má ṣe sọ ohun tí ọmọ yóò wí fún un. Kí ọmọ tẹ́tí sí ohùn ìyá àgbà, kí ó sì fúnra rẹ̀ mú kíkí tó bá a mu.