Aṣọ Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ Mẹ́ta Sàn Ju Súwẹ́tà Kan Lọ: Ìmúra fún Ìrìn-àjò Gígùn Lórí Kẹ̀kẹ́

Nígbà tí a kéde pé díẹ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, pẹ̀lú àwọn ọmọ kíláàsì àgbà, fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ láti Ìbàdàn wá sí Ọ̀yọ́ fún àjọ̀dún ilé-ẹ̀kọ́ wa, ohun tí àwọn òbí kọ́kọ́ béèrè kì í ṣe ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ rárá. Ọ̀rọ̀ òtútù ni. Inú ọyẹ́ ni àjọ̀dún náà bọ́ sí, ìdájí ni wọn yóò sì gbéra. Ìyá kan sọ fún mi pé òun ti ra súwẹ́tà tó nípọn dáadáa fún ọmọ òun, kí òtútù àyà má baà mú un. Mo yìn ín fún ìtọ́jú ọmọ, ṣùgbọ́n n kò lè fi pamọ́ fún un pé súwẹ́tà yẹn gan-an ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Àlàyé tí n kò ráyè ṣe tán fún un lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ ṣe níhìn-ín.

Ọ̀nà àtijọ́ tó gba Mọ́níyà àti Fìdítì wọ Ọ̀yọ́ tó nǹkan bíi 50 kìlómítà. Ẹni tó bá ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere wa yìí, tí kò sáré, tí kò sì ṣe ìmẹ́lẹ́, yóò máa rin bíi 15 kìlómítà ní wákàtí kan. Bí a bá ka ìsinmi mọ́ ọn, ẹni tó gbéra ní aago mẹ́fà yóò ṣòro fún un láti dé ṣáájú aago mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá. Nínú ọyẹ́, àkókò yìí tó fún ojú ọjọ́ láti yí padà pátápátá. Ní ìdájí, ó lè wà ní ìwọ̀n 18 tàbí 20 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Kí oòrùn tó dé àtàrí, ó lè ti kọjá 30. Kò sí aṣọ kan ṣoṣo tó lè bá àkókò méjèèjì mu. Nítorí náà, ohun tí a nílò ni aṣọ púpọ̀ tó fẹ́lẹ́, tí a wọ̀ lé ara wọn, tí a lè máa bọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ìdí mìíràn wà tó lágbára ju ti ojú ọjọ́ lọ, inú ara wa ló sì wà. Nígbà tí ẹsẹ̀ bá ń yí kẹ̀kẹ́, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin agbára tí ara ń lò ló ń ti kẹ̀kẹ́ síwájú. Gbogbo ìyókù ló ń di ooru. Ààrò tí a dáná sí ni ara ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́. Ẹlẹ́dàá ti fi òógùn ṣe ọ̀nà tí ooru yìí yóò gbà jáde, ṣùgbọ́n kì í ṣe jíjáde òógùn ló ń mú ara tutù, bí kò ṣe gbígbẹ rẹ̀. Bí omi ṣe ń gbẹ lórí awọ ara ló ń gbé ooru lọ. Ẹ rántí amù tó wà ní igun ilé àwọn ìyá wa àgbà. Omi ń jẹ jáde díẹ̀díẹ̀ lára amọ̀ rẹ̀, ó ń gbẹ lára rẹ̀ lóde, ó sì ń mú èyí tó kù nínú tutù. Ìgbà ọyẹ́ tí afẹ́fẹ́ gbẹ ni omi amù máa ń tutù jù.

Wàyí o, ẹ fi súwẹ́tà nínípọn bo ààrò yìí. Láàárín ogún ìṣẹ́jú, òógùn yóò ti bo ẹni tó wọ̀ ọ́, kò sì ní lè gbẹ. Aṣọ abẹ́ yóò rin gbingbin. Bí ó bá wá dúró láti sinmi, iná ààrò yóò rẹlẹ̀, ṣùgbọ́n omi tó wà nínú aṣọ kò ní dúró; yóò máa gbẹ lọ, yóò sì máa gba ooru lára ẹni tí kò ní ooru tó pọ̀ mọ́. Ìgbà yẹn ni gbígbọ̀n máa ń bẹ̀rẹ̀. Òtútù tí ìyá ń bẹ̀rù, inú aṣọ tó rà ni yóò ti jáde sí ọmọ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ kan wá láti òkèèrè, níbi tí òtútù ti le débi pé ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 1988, àwọn tó ń díje nínú Giro d'Italia, eré kẹ̀kẹ́ tó máa ń yí orílẹ̀-èdè Ítálì ká, gun òkè Gavia, tí ọ̀nà orí rẹ̀ ga ju 2,600 mítà lọ. Òjò dídì ń rọ̀ lé wọn lórí. Johan van der Velde, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, ló kọ́kọ́ dé orí òkè náà, ẹ̀wù alápá kúkurú ló sì wọ̀. Nígbà tó ń gòkè, iṣẹ́ ẹsẹ̀ ń mú un móoru. Ṣùgbọ́n nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́, kẹ̀kẹ́ ń sáré, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ sí ara tó ti rin. Kò lè tẹ̀ síwájú. Ó ní láti dúró wá ibi tí yóò forí pamọ́ sí. Ẹni tó kọ́kọ́ dé orí òkè yìí fi ohun tó lé ní ogójì ìṣẹ́jú dé Bormio lẹ́yìn ẹni tó gba ipò kìn-ín-ní. Andrew Hampsten, ọmọ Amẹ́ríkà, wà nínú òtútù kan náà. Àwọn alábòójútó ẹgbẹ́ tirẹ̀ ti gbọ́ bí ojú ọjọ́ yóò ti rí, wọ́n sì ti lọ ra ìbọ̀wọ́ àti aṣọ òtútù sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ohun èlò eré orí yìnyín. Ó ṣe ipò kejì lọ́jọ́ náà, ó gba ẹ̀wù aṣáájú, kò sì sí ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ títí eré náà fi parí.

Òjò dídì kì í rọ̀ ní Fìdítì. Ṣùgbọ́n ẹni tó gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó sì ń sọ̀ kalẹ̀ ní aago méje àárọ̀ nínú ọyẹ́, pẹ̀lú ẹ̀wù tó ti rin, ti tọ́ díẹ̀ wò nínú ohun tí Van der Velde jẹ.

Aṣọ tó fara kan awọ ara ló ṣe pàtàkì jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun sì ni a máa ń fojú tẹ́ńbẹ́lú jù. Síńgílẹ́ẹ̀tì òwú ni ọ̀pọ̀ wa máa ń wọ̀. Òwú dára fún ìjókòó nínú kíláàsì, ó sì dára fún ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí ó rọ̀, ó sì ń fa òógùn díẹ̀ tó bá jáde. Ìfà yìí gan-an ni àléébù rẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́: ó ń fa omi wọ inú fọ́nrán rẹ̀, ó ń wúwo, ó ń lẹ̀ mọ́ ara, ó sì ń pẹ́ kí ó tó gbẹ. Aṣọ polyester kì í fa omi wọ inú fọ́nrán rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òógùn máa ń tàn ká ojú rẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ń gbẹ ẹ́ kíákíá. Ẹ má ṣe jẹ́ kí orúkọ yìí bà yín lẹ́rù bí ẹni pé nǹkan olówó ńlá ni. Jẹ́sì bọ́ọ̀lù tó wà nínú àpótí ọmọ yín, polyester ni púpọ̀ nínú wọn. Ẹ wo pélébé aṣọ tí wọ́n rán mọ́ ọrùn rẹ̀ nínú. Wọ́n máa ń kọ ọ́ síbẹ̀. Kí ẹ sì fi aṣọ náà bo ẹnu kí ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i: bí èémí bá kọjá sí òdìkejì wẹ́rẹ́, ó dára, bí kò bá kọjá, ẹ fi í sílẹ̀. Àwọn aláwòkọ jẹ́sì kan wà tó dà bí ọ̀rá.

Irun àgùntàn náà dára púpọ̀, bí ó bá fẹ́lẹ́. Ó ń fa omi, ṣùgbọ́n ó ṣì ń mú ara móoru bí ó ti wù kí ó rin. Òun ni àwọn tó díje nínú Tour de France láyé àtijọ́ wọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó máa ń ṣòro rí ní ọ̀dọ̀ wa, àfi ní ìso àwọn tó ń ta òkìrìkà. Àwọn kan yóò sọ pé òwú ni àwọn fi gun kẹ̀kẹ́ láti kékeré, kò sì ṣe àwọn ní nǹkan kan. N kò bá wọn jiyàn bí ìrìn wọn kò bá kọjá láti ilé dé ọjà.

Aṣọ kejì ni ti ìgbóná. Ẹ̀wù alápá gígùn tó fẹ́lẹ́ tó, tó ní síìpù láti ọrùn dé ìsàlẹ̀, ni mo máa ń yàn. Síìpù yẹn dà bí fèrèsé: ẹni tó ń gùn lè ṣí i díẹ̀ bí ara bá ń gbóná, kí ó tún tì í bí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀, láìsọ̀ kúrò lórí kẹ̀kẹ́. Súwẹ́tà tí a ń bọ̀ láti orí kò ní àǹfààní yìí.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni aṣọ kẹta ní, kí ó dá afẹ́fẹ́ dúró. Jákẹ́ẹ̀tì fẹ́ẹ́rẹ́ tó ṣeé ká wọ inú àpò ti tó. Bí kò bá sí, ẹ ṣe ohun tí àwọn eléré kẹ̀kẹ́ ilẹ̀ Yúróòpù máa ń ṣe lórí òkè: wọ́n á gba ìwé ìròyìn lọ́wọ́ òǹwòran, wọ́n á tẹ́ ẹ sí àyà lábẹ́ ẹ̀wù, wọ́n á sì sọ ọ́ nù nígbà tí wọ́n bá dé ìsàlẹ̀. Mo ti ṣe é rí láàárín Mọ́níyà àti Fìdítì, ó sì ṣiṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lẹ́tà ìwé ìròyìn náà tẹ̀ mọ́ mi láyà. Kò sí àìnígbàgbọ́ nínú kí ènìyàn ṣètò aṣọ òtútù. Nínú ẹ̀wọ̀n ni Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì wà tó fi ránṣẹ́ sí Tímótì pé kí ó bá òun mú èyí tí òun fi sílẹ̀ ní Tíróásì bọ̀.

Ibi tí a ó kó aṣọ tí a bọ́ sí ṣe pàtàkì bí aṣọ náà. Mo mọ̀ nítorí pé mo ti ṣubú. Nígbà èwe mi, mo wọ súwẹ́tà ńlá kan gbéra nínú ọyẹ́; kí a tó rìn jìnnà, ó ti sú mi, mo bọ́ ọ, mo so apá rẹ̀ mọ́ ìbàdí. Apá kan tú, ó wọ inú àwọn wáyà táyà ẹ̀yìn, kẹ̀kẹ́ sì dúró gbọnrangandan. Èmi kò dúró. Àpá rẹ̀ ṣì wà ní ìgúnpá mi. Ẹ má ṣe so aṣọ mọ́ ìbàdí tàbí mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Inú àpò ẹ̀yìn kékeré, tàbí kí a dè é pinpin mọ́ ibi ìkẹ́rù, ni ó yẹ ẹ́.

Ìgbà wo ni kí a bọ́ aṣọ? Kí òógùn tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn tí ó ti rin wá. Ẹni tó bá gbéra ní ẹnu ọ̀nà tí ara rẹ̀ móoru dáadáa ti wọ aṣọ jù. Kí òtútù mú un díẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò ní pé tí yóò fi lọ. Bí a bá fẹ́ dúró sinmi, kíá ni kí a tún gbé jákẹ́ẹ̀tì wọ̀, kí ara tó tutù. Ìtòlẹ́sẹẹsẹ yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dojú rẹ̀ rú: wọ́n á wọ aṣọ gùn, wọ́n á bọ́ ọ jókòó.

Ní ti ìsàlẹ̀ ara, ṣòkòtò tó fún ara díẹ̀, tó sì nà, ló dára. Ṣòkòtò jíìnsì kò dára rárá. Ojú rírán rẹ̀ nípọn níbi tí a fi ń jókòó gan-an, kí 20 kìlómítà tó pé, yóò ti bó ènìyàn lára. Ẹ fi òrí pa ibi tí itan ti ń fara kan ara kí ẹ tó gbéra. Àwọn ọmọbìnrin tí òbí wọn kò fẹ́ kí wọ́n wọ ṣòkòtò nìkan lè wọ yẹ̀rì tó mọ ní orúnkún lé e lórí. Yẹ̀rì gígùn àti ìró ni kí a yẹra fún, nítorí ṣéènì.

Àṣíborí pọn dandan. Ìbọ̀wọ́ fẹ́lẹ́ kan, àti áńkáṣíìfù tí a fi bo imú nítorí eruku ọyẹ́, ti tó fún ìyókù. Kí ẹ sì máa mu omi bí òùngbẹ kò tilẹ̀ gbẹ yín. Nínú ọyẹ́, òógùn máa ń gbẹ kí a tó rí i, ènìyàn á rò pé òun kò làágùn.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ṣeré. A ní àwọn ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ SS láàárín wa. Òtútù, àìmu omi tó àti iṣẹ́ àṣekára wà lára ohun tó lè dá ìrora ńlá sílẹ̀ fún wọn, ìrìn yìí sì ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú. Aṣọ tó rin, tó kàn jẹ́ ìnira fún ẹlòmíràn, lè gbé irú wọn dé ilé ìwòsàn. Kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má gun kẹ̀kẹ́ yìí láìgba àṣẹ dókítà. Àyè wà nínú bọ́ọ̀sì tó ń tẹ̀lé wa, iṣẹ́ ṣíṣọ́ omi àti aṣọ sì ń dúró de ẹni tí yóò ṣe é níbẹ̀.

Ohunkóhun tí ẹ bá yàn, ẹ ti wọ̀ ọ́ gun kẹ̀kẹ́ fún wákàtí kan ó kéré tán kí ọjọ́ náà tó pé. Dáfídì bọ́ ìhámọ́ra Sọ́ọ̀lù sílẹ̀ nítorí pé kò tíì dán an wò, kì í ṣe nítorí pé kò dára. Èyí ni mo fi ń bẹ ìgbìmọ̀ àjọ̀dún pé kí wọ́n má ṣe fi dandan lé e pé kí gbogbo ènìyàn wọ ẹ̀wù ọlọ́rùn róbótó tí wọ́n tẹ àmì ilé-ẹ̀kọ́ sí láti Ìbàdàn wá. Òwú ni, ó sì nípọn. Kí wọ́n kó o sínú bọ́ọ̀sì ní gbígbẹ. Bí a bá dé ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́, kí olúkúlùkù bọ́ èyí tó rin, kí ó nu ara rẹ̀, kí ó wọ tuntun náà, kí a tó wọlé lọ síbi tí àwọn ayàwòrán àti àwọn òbí ti ń dúró.