Fọ́ǹtì Ọ̀fẹ́ Tó Mọ "Ọlọ́run" Kọ

Mo gbé iṣẹ́ káàdì ìgbéyàwó àbúrò mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù atẹ̀wé kan ní Taiwo Road, Ìlọrin níbí. Ìgbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, àmì orí "Ọlọ́run" ti fò lọ bà lé "r". Nínú "oore-ọ̀fẹ́", àpótí òfìfo méjì ló jókòó síbẹ̀. Ọmọkùnrin tó ń ṣe dìsáìnì ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká yọ àmì yìí jàre. Ta ló fẹ́ kà á?"

Èmi ni mo fẹ́ kà á o! Tá a bá yọ àmì, ọkọ ìyàwó àbí ọkọ́ ìyàwó?

Ẹ̀bi kọ́ ni ti kọ̀ǹpútà. Unicode, ètò tó ń fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà, fún "ọ" ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n "ọ́" kò ní. A máa tẹ "ọ" ná, ká tó gbé àmì lé e. Ẹni tó ya fọ́ǹtì ló gbọ́dọ̀ ṣètò ibi tí àmì máa jókòó sí, ọ̀pọ̀ àwọn tó ya fọ́ǹtì aláràbarà ò sì rántí wa. Síbẹ̀, a ṣì ń jí i lò!

Bẹ́ẹ̀, Gentium àti Charis ti SIL, àti Noto ti Google, mọ Yorùbá kọ, ọ̀fẹ́ sì ni. Ìwé àṣẹ wọn, Open Font License, gbà ká fi tẹ káàdì gba owó, ká sì há a fún ọ̀rẹ́. Fọ́ǹtì náà nìkan la ò gbọ́dọ̀ dá tà.

Mo wa Gentium sílẹ̀ fún un lójú ẹsẹ̀. "Ọlọ́run" jáde pé pérépéré. Kí n tó sanwó, ó ti kó o sórí kọ̀ǹpútà ọ̀gá rẹ̀. Kò rú òfin kankan.